OCBN: Ojú Irin Tí Orílẹ̀-Èdè Méjì Jọ Ni

Ọ̀nà méjì ló la ìlú Tchaourou ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ já láti gúúsù sí àríwá. Títì ọlọ́dà ni ọ̀kan, ojú irin ni èkejì. Lórí títì, tírélà ń tẹ̀lé tírélà tọ̀sán tòru, wọ́n ń ru ìrẹsì, sìmẹ́ǹtì, ṣúgà àti ọkọ̀ àlòkù láti èbúté Kútọnu lọ sí Pàrákú, wọ́n sì ń gba ibẹ̀ lọ sí Malanville ní ẹnubodè Nìjẹ̀r. Lórí ojú irin, kẹ́kẹ́ pa. Bẹ́ẹ̀ ojú irin yìí ni àgbà. Òun ló ṣáájú tírélà dé, òun ló sì sọ ibi tí àwọn àgbẹ̀ ti ń pàtẹ iṣu di ọjà tí ará Kútọnu ń wá ná.

Ọdún 2026 ló pé àádọ́rùn-ún ọdún tí ojú irin náà dé Pàrákú, tó jẹ́ òpin rẹ̀ títí di òní. Láti ọdún 1959, ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní OCBN ló ń bójú tó o. Kì í ṣe ti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ nìkan. Bẹ̀nẹ̀ àti Nìjẹ̀r ló jọ ni ín: ọ̀kan ní etí òkun, èkejì kò ní in. Wọ́n dá a sílẹ̀ kí ẹni tí kò ní òkun lè rí ẹrù rẹ̀ gbà láìtọrọ, kí ẹni tó ní òkun sì máa jẹ èrè rẹ̀. Ohun tí àdéhùn wọn kò yanjú láti ìbẹ̀rẹ̀ ni pé, lọ́jọ́ tí ìjà bá dé láàárín àwọn méjèèjì, àṣẹ ta ni yóò mú lórí ẹrù tó ti wà lójú ọ̀nà? Ọ̀rọ̀ yìí ló ti ń da ilé-iṣẹ́ náà láàmú láti ọjọ́ yìí wá.

Irin tí wọ́n fi ipá tẹ́, 1900 sí 1936

Ọdún 1898 ni Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fa ilà kọjá láàárín ilẹ̀ Borgou. Nikki bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Bussa bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn Ìbàrìbá àti àwọn Yorùbá tó ń gbé àgbègbè náà sì bá ara wọn ní apá méjì ààlà tí ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n léèrè nípa rẹ̀. Ìdíje àwọn òyìnbó méjèèjì kò parí síbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ń ti ojú irin tirẹ̀ láti Èkó lọ sí Kánò. Faransé náà kò fẹ́ kí ẹrù àríwá bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́, ni iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ ní Kútọnu lọ́dún 1900.

Ìjọba amúnisìn fún oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Georges Borelli, tí ilé òwò rẹ̀ wà ní Marseille, ní ìyọ̀ǹda láti tẹ́ irin náà. Ṣùgbọ́n àwọn ará abúlé ló wa ilẹ̀, àwọn ló ru òkúta, àwọn ló gé igbó. Iṣẹ́ ipá ni. Baálẹ̀ ni wọ́n ní kó ka àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin jáde. Baálẹ̀ tí kò bá kà wọ́n pé ni wọn yóò mú. Ẹ̀ka kan gba ilẹ̀ Yorùbá kọjá láti Àjàṣẹ́ lọ sí Sakété àti Pọ́bẹ̀. Ẹ̀ka ńlá gba Bohicon, Ìdáàṣà àti Ṣábẹ̀ẹ́ lọ, ó sì ti dé Ṣábẹ̀ẹ́ kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ́.

Ogun náà le iṣẹ́ ipá sí i. Wọ́n ń mú ènìyàn ṣe ṣọ́jà, wọ́n ń mú wọn ru ẹrù, owó orí sì ń gun òkè. Lọ́dún 1916, Bio Guéra kó àwọn ará Borgou jọ, wọ́n dìde sí Faransé. Wọ́n pa á ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn. Ère rẹ̀ wà ní Kútọnu lónìí, ó jókòó lórí ẹṣin. Kì í ṣe nítorí ojú irin nìkan ni Bio Guéra ṣe jà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń sọ ìtàn irin yìí tí kò dárúkọ irú ìyà bẹ́ẹ̀, kò sọ ìtàn náà tán.

Lẹ́yìn Ṣábẹ̀ẹ́, iṣẹ́ dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tó tún gbéra, ó kọjá ní Tchaourou, ó sì wọ Pàrákú lọ́dún 1936, kìlómítà 438 sí Kútọnu. Odò Ọya ni wọ́n ń lé, wọ́n fẹ́ kí irin náà dé ilẹ̀ Nìjẹ̀r. Owó kò jẹ́. Ibi tí irin dúró sí náà ni ọrọ̀ jókòó sí: Pàrákú di ibùdó tí wọ́n ti ń sọ ẹrù kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ ojú irin, tí wọ́n sì ń kó o sínú lọ́rì.

Ẹ̀pà Nìjẹ̀r àti Alápàáǹdẹ̀dẹ̀

Ẹ̀pà ni Nìjẹ̀r ń tà nígbà náà, láti Zinder àti Maradi. Ọ̀nà tó yá jù fún ẹ̀pà yẹn ni Kánò, láti ibẹ̀ kó gba ojú irin Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Èkó. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ẹrù pọ̀ ju agbára èbúté Èkó àti ojú irin rẹ̀ lọ. Ẹ̀pà Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ń jókòó ní Kánò láìrí ọkọ̀. Kí ni ti ẹ̀pà àlejò yóò ti jẹ́?

Lọ́dún 1953, Faransé dá ètò kan sílẹ̀ tí wọ́n fi orúkọ ẹyẹ alápàáǹdẹ̀dẹ̀ pè. Lọ́rì ń kó ẹ̀pà láti ìlà-oòrùn Nìjẹ̀r wá sí Pàrákú, ọkọ̀ ojú irin ń gbé e lọ sí Kútọnu. Bí lọ́rì bá ń padà, iyọ̀, sìmẹ́ǹtì, aṣọ àti epo ọkọ̀ ló ń rù. Ọ̀nà náà jìn ju ti Kánò lọ dáadáa, owó rẹ̀ sì wọ́n jù. Ìjọba ló ń fi owó dí àlàfo. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé Nìjẹ̀r lè dé òkun láìgba ọwọ́ Nàìjíríà. Lórí èrò yìí ni OCBN ti wá hù.

Àdéhùn 1959

Òmìnira ń bọ̀, àwọn olórí tuntun sì mọ̀ pé Faransé yóò fi ilẹ̀ tó fọ́ sí wẹ́wẹ́ sílẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1959, Houphouët-Boigny ti Ivory Coast, Hamani Diori ti Nìjẹ̀r, Maurice Yaméogo ti Upper Volta àti Hubert Maga ti Dàhòmì dá Conseil de l'Entente sílẹ̀, ẹgbẹ́ tí wọ́n ní yóò máa ran ara wọn lọ́wọ́. Ọdún yẹn kan náà ni Dàhòmì àti Nìjẹ̀r fi ọwọ́ sí ìwé ojú irin. Orúkọ tí wọ́n sọ ilé-iṣẹ́ náà ni OCDN, nítorí Dàhòmì ni Bẹ̀nẹ̀ ń jẹ́ nígbà náà. Iṣẹ́ rẹ̀ kò mọ sórí irin. Òun náà ló ń ṣètò lọ́rì láti Pàrákú lọ sí Nìjẹ̀r.

Ọmọ Pàrákú ni Maga. Ó ti ìlú tí ojú irin kọ́ jáde, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ìwé lásán lójú rẹ̀. Ohun tí òun àti Diori sì ṣe ní ìgboyà nínú, ó yẹ kí a yìn wọ́n fún un. Orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gba òmìnira kì í sábà fẹ́ fi àṣẹ lórí ojú irin, tó wà nínú ilé rẹ̀ pátápátá, ṣe àjọni pẹ̀lú aládùúgbò. Kò sí kìlómítà kan ṣoṣo irin náà lórí ilẹ̀ Nìjẹ̀r. Síbẹ̀ Dàhòmì gbà pé kí Nìjẹ̀r ní ẹnu níbẹ̀.

Níbòmíràn, irú àjọni bẹ́ẹ̀ kò pẹ́. Ní ogúnjọ́ oṣù Kẹjọ 1960, ìṣọ̀kan Mali àti Senegal tú ká, Mali sì ti ojú irin tó lọ sí Dakar pa títí di ọdún 1963. Ó yàn láti máa gba ọ̀nà Abidjan tó jìn ju kí ó tún bá Senegal ṣe pọ̀.

Oṣù Kejìlá 1963

Láti ayé Faransé ni àwọn ọmọ Dàhòmì ti ń ṣe akọ̀wé, olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, nítorí ilé-ìwé tètè dé ọ̀dọ̀ wọn. Nígbà tí òmìnira ń bọ̀, àwọn ọmọ onílé ń fẹ́ iṣẹ́ wọ̀nyẹn. Abidjan ti lé wọn lọ́dún 1958. Ní oṣù Kẹwàá 1963, ọ̀gágun Christophe Soglo gba ìjọba lọ́wọ́ Maga. Ọ̀rẹ́ Diori ṣubú. Kí ọdún náà tó parí, Nìjẹ̀r ní kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó jẹ́ ọmọ Dàhòmì máa lọ sílé. Àríyànjiyàn tún wà nílẹ̀ lórí erékùṣù Lété nínú Odò Ọya, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní tòun ni.

Dàhòmì fèsì pẹ̀lú ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti ẹnubodè, ẹrù Nìjẹ̀r kò rí ọ̀nà kọjá mọ́. Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ kí Nìjẹ̀r má baà tọrọ ọ̀nà wá di ohun tí wọ́n fi ń jẹ ẹ́ níyà. Nìjẹ̀r yí padà sí Nàìjíríà àti Abidjan.

Àwọn tó jẹ ìyà náà jù kò sí ní Kútọnu tàbí Niamey. Àwọn alágbàrù Pàrákú ni, àwọn awakọ̀ lọ́rì ni, àti àwọn obìnrin tó ń gbé iṣu, àkàrà àti wàrà lọ sí ojú fèrèsé ọkọ̀ ní ibùdó kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kò sí nínú ìjà, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò fi wọ́n ṣe ẹlẹ́rìí nígbà tí wọ́n ń parí rẹ̀. Ó di oṣù Kìíní 1965 kí Diori àti Justin Ahomadégbé, olórí ìjọba Dàhòmì, tó fẹnu kò pé kí àwọn ará ilẹ̀ méjèèjì jọ máa lo Lété. Ìdájọ́ gan-an kò dé títí di ọjọ́ kejìlá oṣù Keje 2005, nígbà tí Ilé-ẹjọ́ Àgbáyé ní The Hague fún Nìjẹ̀r ní Lété. Nínú erékùṣù 25, Nìjẹ̀r gba 16, Bẹ̀nẹ̀ gba 9. Ìdájọ́ náà kan afárá méjì tó so Malanville mọ́ Gaya, àwọn afárá tí ẹrù ń gbà kọjá.

Ó jẹ́ ìtùnú pé orílẹ̀-èdè méjì lè gbé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ lọ sí ilé-ẹjọ́ dípò ojú ogun, kí wọ́n sì gba ohun tí adájọ́ wí. Wọ́n rí adájọ́ fún erékùṣù. Ti ẹrù ni wọn kò wá adájọ́ fún.

Ọdún tí iṣẹ́ gbéra

Lẹ́yìn ìlàjà, nǹkan dára. Èbúté tuntun tí ọkọ̀ ńlá lè gúnlẹ̀ sí ṣí ní Kútọnu lọ́dún 1965. Nígbà tí Nìjẹ̀r bẹ̀rẹ̀ sí wa yùréníọ̀mù ní Arlit ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ọkọ̀ akẹ́rù ló ń gbé e la aṣálẹ̀ kọjá dé Pàrákú, ọkọ̀ ojú irin sì ń gbé e lọ sí òkun. Òwú Borgou náà gba ojú irin. Lọ́dún 1975, ìjọba Mathieu Kérékou yí orúkọ Dàhòmì padà sí Bẹ̀nẹ̀, OCDN sì di OCBN.

Ọdún 1975 yẹn ni wọ́n dá ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, sílẹ̀ ní Èkó. Ọdún yẹn náà ni wọ́n parí ojú irin Tazara, tí Ṣáínà kọ́ fún Tanzania àti Zambia lórí ohun tó ju kìlómítà 1,800 lọ, iṣẹ́ tó ti ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí Rhodesia ti ẹnubodè rẹ̀ mọ́ Zambia. Gbogbo Áfíríkà ló ń wá ọ̀nà kan náà: bí ẹni tí kò ní òkun yóò ṣe bọ́ lọ́wọ́ aládùúgbò tó lè ti ilẹ̀kùn nígbàkígbà.

Bẹ̀nẹ̀ àti Nìjẹ̀r ní àwọn yóò fa irin náà dé Dosso àti Niamey. Ọ̀pọ̀ ìpàdé ni wọ́n ṣe lórí rẹ̀. Irin kò kúrò ní Pàrákú.

Tírélà gba ipò

Kò sí ọjọ́ kan tí ẹnì kan lè tọ́ka sí pé ọjọ́ yẹn ni OCBN ṣubú. Díẹ̀díẹ̀ ni. Ọ̀dá mú ẹ̀pà Nìjẹ̀r nínú àwọn ọdún 1970. Títì ọlọ́dà ń gùn sí i, ẹni tó ní tírélà kò sì nílò láti sọ ẹrù kalẹ̀ ní Pàrákú kó tún kó o sínú ọkọ̀ mìíràn. Láti Kútọnu ló ń wakọ̀ lọ tààrà sí Niamey. Irin tí wọ́n tẹ́ láyé Faransé ń gbó, ẹ̀rọ ọkọ̀ ń kú, owó àtúnṣe sì ń di àríyànjiyàn: Bẹ̀nẹ̀ ń wo Nìjẹ̀r, Nìjẹ̀r ń wo Bẹ̀nẹ̀. Níbi tí ènìyàn méjì ti ni nǹkan, tí kò sí ẹni tí àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti tún un ṣe, ìpẹtà ló ń jogún rẹ̀.

Èrò ìdásílẹ̀ náà yí padà láìsí ẹni tó kéde rẹ̀. Lọ́dún 1959, ará ni wọ́n pe ara wọn. Ní ìparí ọ̀rúndún ogún, ìnáwó tó ń wọ ọrùn ìjọba ni OCBN jẹ́ nínú ìwé ìṣirò. Ọkọ̀ èrò ṣọ̀wọ́n, ó sì dáwọ́ dúró.

Lọ́dún 1993, Kútọnu gbàlejò àwọn olórí ECOWAS, wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tuntun níbẹ̀, èyí tó ní kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan fi díẹ̀ nínú àṣẹ rẹ̀ sílẹ̀ fún àjọ náà. Ìlú tó gba àlejò yìí kan náà ni ojú irin àjọni ti ń kú lọ, kìlómítà mélòó kan sí gbọ̀ngàn ìpàdé.

Ọmọ Tchaourou lórí àga

Tchaourou ni wọ́n bí Thomas Boni Yayi sí lọ́dún 1952. Ó ṣe ààrẹ báńkì ìdàgbàsókè BOAD ní Lomé láti 1994 títí di 2006, iṣẹ́ tó mú kó mọ owó orílẹ̀-èdè mẹ́jọ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Lẹ́yìn náà ló ṣe ààrẹ Bẹ̀nẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Bí ẹnì kan bá wà tó yẹ kó jí irin náà dìde, ọmọ ibùdó ọkọ̀ yìí ni.

Lọ́dún 2010, ilé-iṣẹ́ Petrolin ti Samuel Dossou-Aworet jáwé olúborí nínú ìdíje fún iṣẹ́ ojú irin náà. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, Bẹ̀nẹ̀ àti Nìjẹ̀r yí sí Bolloré ti Faransé, tó fẹ́ so Kútọnu, Niamey, Ouagadougou àti Abidjan pọ̀ ní ìlà irin kan ṣoṣo tó tó nǹkan bíi kìlómítà 2,700. Ní oṣù Kẹrin 2014, Niamey ṣí ibùdó ọkọ̀ ojú irin àkọ́kọ́ nínú ìtàn rẹ̀. Lọ́dún 2015, ilé-iṣẹ́ tuntun tó ń jẹ́ Bénirail ni wọ́n fẹ́ fi gba iṣẹ́ náà. Wọ́n tẹ́ irin kìlómítà 140 láti Niamey dé Dosso, ó sì parí ní ìbẹ̀rẹ̀ 2016.

Petrolin ti pe ẹjọ́. Ní oṣù Kọkànlá 2015, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Kútọnu ní kí Bolloré dá iṣẹ́ dúró lórí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Lọ́dún 2017, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Lọ́dún 2018, ààrẹ Patrice Talon sọ ní gbangba pé kí àwọn méjèèjì yà kúrò, nítorí Ṣáínà ló ní owó tó lè gbé iṣẹ́ náà. Láti ìgbà náà, irin Dosso wà lápá kan, irin Pàrákú wà lápá kejì, àárín wọn kò sì ní nǹkan kan.

Àwọn kan dá Bolloré lẹ́bi, àwọn kan dá Petrolin, àwọn kan dá ìjọba. Àṣìṣe tó tóbi jù ni pé ìjọba méjì tó jọ ni ilé-iṣẹ́ kan gbà kí oníṣòwò aládàáni méjì máa jìjà lórí rẹ̀, nígbà tí ìwé àdéhùn tiwọn fúnra wọn ti dọ́gbẹ́. Ẹni tí kò tíì pinnu bí òun àti aládùúgbò yóò ṣe pín àṣẹ kò gbọdọ̀ fi àṣẹ náà fún ẹlẹ́ẹ̀kẹta.

Ẹnubodè ìlà-oòrùn, ẹnubodè àríwá

Tchaourou bá Nàìjíríà pa ààlà. Ní ogúnjọ́ oṣù Kẹjọ 2019, ìjọba Muhammadu Buhari ti ẹnubodè orí ilẹ̀, ó ní ìrẹsì àti àwọn ọjà mìíràn ń gba Bẹ̀nẹ̀ wọlé lọ́nà àìtọ́. Àgbẹ̀ tó ń tà sí Nàìjíríà àti oníṣòwò tó ń rà láti ibẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára. Ẹnubodè mẹ́rin péré ni Nàìjíríà kọ́kọ́ ṣí ní oṣù Kejìlá 2020, kò sì sí ti Borgou nínú rẹ̀. Bẹ̀nẹ̀ ké pé èyí kò bá ìwé ECOWAS mu. Òótọ́ ni.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí Nàìjíríà ti ẹnubodè rẹ̀, ọwọ́ Bẹ̀nẹ̀ ló wà níbi èèkù. Àwọn ọmọ ogun gba ìjọba ní Niamey ní ọjọ́ 26 oṣù Keje 2023, ECOWAS sì ní kí gbogbo ẹnubodè tì. Bẹ̀nẹ̀ ti tirẹ̀. Tírélà tó ti kọjá ní Tchaourou dúró ní Malanville fún ọ̀sẹ̀ àti oṣù, ẹrù ń bàjẹ́ lórí wọn. Nígbà tí ECOWAS mú ìjìyà náà kúrò ní oṣù Kejì 2024, Bẹ̀nẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn, Nìjẹ̀r kọ̀ láti ṣí tirẹ̀. Àwọn ènìyàn ń fi ọkọ̀ ọpọ́n kó ẹrù kọjá lórí Odò Ọya. Ní oṣù Karùn-ún, Talon dí epo rọ̀bì Nìjẹ̀r lọ́nà ní Sèmè, epo tí ọ̀pá tó tó nǹkan bíi kìlómítà 2,000 ń gbé wá láti Agadem. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ó jẹ́ kí ọkọ̀ kó o. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní 2025, Nìjẹ̀r, Mali àti Burkina Faso kúrò nínú ECOWAS.

Ẹni tó bá fi 1963 sí ẹ̀gbẹ́ 2023 yóò rí i pé ọgọ́ta ọdún kò yí nǹkan padà. Ààrẹ ṣubú, ìjọba méjì bínú, ẹnubodè tì, ẹrù dúró. Bẹ̀nẹ̀ wà ní ipò tó le jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Níwájú Nàìjíríà, òun ni ń bẹ̀bẹ̀. Níwájú Nìjẹ̀r, òun ni ń ti ilẹ̀kùn. Kò sí orílẹ̀-èdè kan ní agbègbè wa tó yẹ kó mọ iye tí ẹnubodè títì ń náni jù ú lọ.

OCBN ṣì wà lórí ìwé, ó ṣì jẹ́ ti ìjọba méjèèjì. Bí wọ́n bá tún jókòó lórí rẹ̀, pẹ̀lú Ṣáínà tàbí láìsí Ṣáínà, kí àwọn aṣòfin ní Àjàṣẹ́ má fi ọwọ́ sí àdéhùn tuntun tí kò bá sí gbólóhùn méjì nínú rẹ̀: pé ẹrù tó ti wà lójú ọ̀nà kò gbọdọ̀ dúró nítorí ìjà àwọn olórí, àti pé adájọ́ kan, tí àwọn méjèèjì gbà ṣáájú, ni yóò dá ẹjọ́ náà láàárín ọjọ́ tí wọ́n ti kọ sílẹ̀. Kí àwọn ará Tchaourou àti Pàrákú béèrè gbólóhùn wọ̀nyẹn lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n bá dìbò fún.